Àmì Tí Wọn Kò Pa Rẹ́: Ìtàn Dirty Pipe fún Àwa Onímọ̀ Ẹ̀dá-Èdè

Bí ẹ bá ń ka àpilẹ̀kọ yìí lórí fóònù Android, Linux ló wà nídìí fóònù náà. Bó bá jẹ́ Windows tàbí iPhone lẹ ń lò, ó ṣeé ṣe dáadáa kó jẹ́ pé kọ̀ǹpútà tó ń fi àwọn ojú-ewé íntánẹ́ẹ̀tì ránṣẹ́ sí yín, Linux ni òun náà ń lò. Nítorí náà, bí ihò bá wà lára ààbò Linux, kì í ṣe ọ̀rọ̀ àwọn ará ẹ̀ka Kọ̀ǹpútà nìkan.

Mo fẹ́ ṣàlàyé ọ̀kan nínú irú ihò bẹ́ẹ̀, èyí tí wọ́n kéde fún aráyé ní ọjọ́ 7, oṣù Kẹta, ọdún 2022. Orúkọ rẹ̀ ni Dirty Pipe. Nọ́ńbà rẹ̀ nínú àkọsílẹ̀ àwọn àbùkù ààbò ni CVE-2022-0847. Mo mọ̀ pé àwọn kan nínú yín ti fẹ́ sá lọ báyìí. Ẹ dúró ná. Iṣẹ́ àkànṣe ìparí ẹ̀kọ́ mi dá lórí bí kọ̀ǹpútà ṣe lè dá àmì ohùn padà sórí ọ̀rọ̀ Yorùbá, ìdí nìyẹn tí mo fi ń gbé inú Linux tọ̀sán-tòru ní ọdún yìí. Nígbà tí mo ka ìtàn àbùkù yìí tán, ohun tó wá sí mi lọ́kàn ni pé ẹnikẹ́ni tó bá ti jókòó nínú kíláàsì fonọ́lọ́jì ti mọ ìdajì rẹ̀ tẹ́lẹ̀.

Ẹ̀sùn oníbàárà

Ẹni tó rí i ni Max Kellermann, tó ń kọ ètò kọ̀ǹpútà fún CM4all, ilé-iṣẹ́ kan ní Jámánì tó ń gba ìkànnì àwọn èèyàn sórí kọ̀ǹpútà rẹ̀. Kò wá ihò kankan lọ. Ní ọjọ́ 29, oṣù Kẹrin, ọdún 2021, oníbàárà kan fi ẹjọ́ sùn pé àwọn fáìlì tí òun gbà wálẹ̀ kò ṣeé tú.

Àkọsílẹ̀ àwọn tó wọ ìkànnì oníbàárà náà ló wà nínú fáìlì wọ̀nyẹn. Lójoojúmọ́, kọ̀ǹpútà ilé-iṣẹ́ náà á kọ ohun tí àwọn èèyàn ṣí sílẹ̀, á sì fún un pọ̀ sínú fáìlì gzip kan kó má baà gba àyè. Ní ìparí fáìlì gzip, báìtì 8 kan wà tó dà bí èdìdì. Mẹ́rin àkọ́kọ́ jẹ́ àbájáde ìṣirò tí wọ́n ṣe lórí gbogbo ohun tó wà nínú fáìlì náà, mẹ́rin tó kù sì ń sọ bí ó ṣe gùn tó kí wọ́n tó fún un pọ̀. Bí ẹ bá tú fáìlì tán, tí ẹ tún ìṣirò náà ṣe, tí kò sì bá èdìdì mu, a jẹ́ pé nǹkan kan ti bàjẹ́. Ti oníbàárà yìí kò bá a mu.

Kellermann fi ọwọ́ tún èdìdì náà ṣe, ó sì pa ẹjọ́ náà dé. Lẹ́yìn oṣù mélòó kan, ó tún ṣẹlẹ̀. Ó tún ṣẹlẹ̀ lẹ́ẹ̀kan sí i. Nígbà gbogbo, ohun tó wà nínú fáìlì pé pérépéré, èdìdì nìkan ló bàjẹ́.

Ibi tí ọkùnrin yìí ti wù mí nìyí, nítorí ohun tó ṣe lẹ́yìn náà ni ohun tí wọ́n ń kọ́ wa láti ṣe pẹ̀lú àkójọpọ̀ èdè. Ó kó gbogbo fáìlì tó bàjẹ́ jọ, ó tò wọ́n sẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn, ó sì wo ohun tí wọ́n fi jọra. Láàárín oṣù 3, ó rí 37. Ọjọ́ tó kẹ́yìn oṣù ni ìbàjẹ́ náà pọ̀ sí jù. Báìtì 8 tó gba ipò èdìdì kò sì yàtọ̀ láti fáìlì kan sí èkejì. Báyìí ni wọ́n rí:

50 4b 01 02 1e 03 14 00

Bí kọ̀ǹpútà ṣe ń kọ lẹ́tà, 50 ni P, 4b ni K. P àti K ni àwọn àkọlé inú fáìlì ZIP fi ń bẹ̀rẹ̀, láti ara orúkọ Phil Katz tó dá ZIP sílẹ̀. 01 àti 02 tó tẹ̀lé e ń sọ irú àkọlé tó jẹ́, ìyẹn àkọlé àtòjọ tó máa ń wà lápá ìparí ZIP, tó ń sọ àwọn fáìlì tó wà nínú rẹ̀. Ṣùgbọ́n fáìlì gzip ni àwọn fáìlì yìí, wọn kì í ṣe ZIP. Àfi bí ìgbà tí ẹ bá ń ka lẹ́tà tí ìyá àgbà fi èdè Ìjẹ̀bú kọ, tí ẹ wá bá gbólóhùn Faransé kan ní ìparí rẹ̀. Ẹ ó bèèrè pé ta ló wọlé.

ZIP kan wà nínú ilé náà lóòótọ́. Ètò mìíràn wà lórí kọ̀ǹpútà yẹn tó máa ń ka fáìlì ojoojúmọ́ lọ́kọ̀ọ̀kan, tí á sì so ti oṣù kan pọ̀ di ZIP fún àwọn oníbàárà tó ń lo Windows. Á ka ti ọjọ́ kìíní, á ka ti ọjọ́ kejì, títí dé ọjọ́ tó kẹ́yìn oṣù, lẹ́yìn náà ni á wá kọ àtòjọ tó bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú PK 01 02. Ṣé ẹ ti rí i? Fáìlì ọjọ́ tó kẹ́yìn oṣù ló máa ń ṣáájú àtòjọ yẹn. Ẹni tí ìbàjẹ́ náà jọ ọ̀rọ̀ ẹnu rẹ̀ ti hàn gbangba. Ìṣòro tó wà níbẹ̀ ni pé ètò yìí kì í kọ nǹkan kan sínú fáìlì ojoojúmọ́. Kíkà nìkan ni iṣẹ́ rẹ̀.

Òǹkọ̀wé ètò kọ̀ǹpútà tó bá ní àpọ́nlé fún ara rẹ̀ kì í tètè di ẹ̀bi ru kernel, ìyẹn ọkàn Linux fúnra rẹ̀. Iṣẹ́ ọwọ́ tirẹ̀ ló máa ń kọ́kọ́ fura sí. Kellermann náà fura sí tirẹ̀ títí, kò rí nǹkan kan. Nígbẹ̀yìn, ó kọ ètò kékeré méjì. Àkọ́kọ́ ń kọ AAAAA sínú fáìlì kan láìdúró. Èkejì ń ka fáìlì náà sínú páìpù, lẹ́yìn náà á kọ BBBBB sínú páìpù kan náà. Kò kọ BBBBB sínú fáìlì rárá. Síbẹ̀, nígbà tó ṣí fáìlì náà, BBBBB ló bá níbẹ̀.

Ó dán an wò lórí kernel 5.10, ó ṣẹlẹ̀. Lórí 4.19, kò ṣẹlẹ̀. Àtúnṣe 185,011 ló wà láàárín méjèèjì. Kò sí ẹni tó máa fi ojú ka ìyẹn, ṣùgbọ́n bí ẹ bá pín in sí méjì, tí ẹ dán àárín wò, tí ẹ mú apá tí ẹ̀bi wà, tí ẹ tún pín ìyẹn sí méjì, ìgbésẹ̀ 17 péré ló gbà á láti dé orí àtúnṣe kan ṣoṣo tó dá wàhálà náà sílẹ̀.

Olùtọ́jú ilé-ìkàwé

Ẹ jẹ́ kí n fi ilé-ìkàwé ṣe àpèjúwe. Yàrá kan wà lókè tí wọ́n ti ìlẹ̀kùn rẹ̀ pa, níbẹ̀ ni ìwé gidi wà. Yàrá òkè yẹn ni díìsìkì. Ẹ kò lè gòkè lọ fúnra yín. Bí ẹ bá fẹ́ ka ìwé kan, olùtọ́jú ilé-ìkàwé á gòkè, á ṣe ẹ̀dà ojú-ewé tí ẹ fẹ́, á sì gbé ẹ̀dà náà wá sórí tábìlì ńlá kan nísàlẹ̀. Tábìlì yẹn ni ìrántí kọ̀ǹpútà, olùtọ́jú sì ni kernel. Ojú-ewé gan-an ni wọ́n ń pè é ní èdè àwọn onímọ̀ kọ̀ǹpútà náà, báìtì 4,096 sì ni ojú-ewé kan máa ń gbà.

Ohun kan wà tó ṣe pàtàkì nípa tábìlì yìí. Bí ẹlòmíràn bá wá béèrè ojú-ewé kan náà, olùtọ́jú kò ní gòkè mọ́. Ẹ̀dà kan ṣoṣo tó wà lórí tábìlì ni gbogbo èèyàn ń kà. Ìdí tí kọ̀ǹpútà fi ń yá nìyẹn. Bí ẹnìkan bá sì fi bírò fa nǹkan sórí ẹ̀dà yẹn, gbogbo ẹni tó bá dé lẹ́yìn rẹ̀, ohun tó fà síbẹ̀ ni wọn yóò kà.

Ó ku páìpù. Páìpù ni ọ̀nà tí ètò méjì fi ń bára wọn sọ̀rọ̀: ohun tí ọ̀kan bá tì wọlé níhìn-ín, èkejì á gbà á lọ́hùn-ún. Ẹ rò ó bí ìwé pélébé 16 tí wọ́n tò yípo, tí wọ́n ń lò ní àlòtúnlò. Orí ìwé pélébé kọ̀ọ̀kan, olùtọ́jú á kọ ibi tí ọ̀rọ̀ wà: "Ọ̀rọ̀ tí mo fẹ́ sọ wà lórí ojú-ewé báyìí, láti ìlà báyìí dé ìlà báyìí."

Ọ̀rọ̀ tó ń gba inú páìpù kọjá jẹ́ oríṣi méjì. Nígbà mìíràn, ètò á kọ ọ̀rọ̀ tirẹ̀. Olùtọ́jú á fún un ní ojú-ewé òfìfo, á sì fi àmì sórí ìwé pélébé pé: "Ojú-ewé yìí ṣì ní àyè, ẹ lè fi kún un." Ó bọ́gbọ́n mu. Bí ẹ bá kọ ọ̀rọ̀ mẹ́ta tí ẹ tún fẹ́ kọ mẹ́ta sí i, kí ló dé tí wọ́n á tún fi ojú-ewé mìíràn ṣòfò? Nígbà mìíràn ẹ̀wẹ̀, ètò á ní kí wọ́n fi ọ̀rọ̀ inú fáìlì kan ránṣẹ́ gba inú páìpù. Olùtọ́jú kò ní dà á kọ. Á kàn kọ ọ́ sórí ìwé pélébé pé ọ̀rọ̀ náà wà lórí ẹ̀dà tó wà lórí tábìlì. Fún irú ìwé pélébé yìí, kò gbọdọ̀ sí àmì "ẹ lè fi kún un", nítorí ojú-ewé náà kì í ṣe ti páìpù. Ti gbogbo ilé-ìkàwé ni.

Àbùkù náà kò ju èyí lọ: nígbà tí olùtọ́jú bá ń tún ìwé pélébé lò fún ojú-ewé fáìlì, ó ń pa ibi tí ojú-ewé wà rẹ́, ó ń pa nọ́ńbà ìlà rẹ́, ó ń kọ tuntun síbẹ̀, ṣùgbọ́n kì í pa àmì rẹ́. Bí ẹni tó lo ìwé pélébé yẹn kẹ́yìn bá ti ní àmì "ẹ lè fi kún un," àmì náà á ṣì wà níbẹ̀. Ẹni tó bá tún fẹ́ kọ nǹkan sínú páìpù á rí àmì yẹn, á gbé bírò, á sì máa kọ ọ́ lọ sórí ẹ̀dà tí gbogbo èèyàn ń kà. Ẹnikẹ́ni kò ní bi í pé ṣé ó láṣẹ láti kọ sínú fáìlì náà, nítorí lójú kernel, páìpù ló ń kọ sí, páìpù kì í sì í béèrè àṣẹ.

Báìtì 8 yẹn náà wá yé wa. Ètò tó ń ṣe ZIP kì í fi èdìdì fáìlì ránṣẹ́, gbogbo ohun tó ṣáájú èdìdì ló ń tì sínú páìpù. Ìwé pélébé wá dúró ní báìtì 8 sí ìparí fáìlì. Nígbà tí àtòjọ ZIP dé, ibi tí ìwé pélébé dúró ló ti bẹ̀rẹ̀ sí í kọ, orí èdìdì gan-an. Àtòjọ náà gùn ju báìtì 8 lọ, ṣùgbọ́n fáìlì kò lè gùn sí i lọ́nà yìí, nítorí náà ìyókù bọ́ sí ẹ̀yìn ibi tí fáìlì parí sí, kò sẹ́ni tó rí i.

Ìgbà wo ni ìró kan di fóníìmù?

Ibi tí mo ti ń bọ̀ láti òwúrọ̀ nìyí. Mo kọ́kọ́ rò pé ẹnìkan ló ṣe àṣìṣe kan lọ́jọ́ kan. Kò rí bẹ́ẹ̀. Àtúnṣe méjì ni, wọ́n sì fi bí ọdún mẹ́rin jìnnà síra.

Èyí àkọ́kọ́ wọlé pẹ̀lú Linux 4.9 ní ọdún 2016. Ìgbà yẹn ni apá kan nínú kernel bẹ̀rẹ̀ sí í ya ìwé pélébé sọ́tọ̀ láìpa ipò àmì rẹ́. Ṣùgbọ́n kò sí àmì kankan níbẹ̀ nígbà náà tó lè ṣe èèyàn ní jàǹbá. Láti mọ̀ bóyá wọ́n lè kọ kún ojú-ewé kan, kernel kì í wo àmì, irú ojú-ewé tó jẹ́ ló ń wò. Ìdọ̀tí wà lórí ìwé pélébé lóòótọ́, àmọ́ ẹnikẹ́ni kò kà á.

Èkejì wọlé pẹ̀lú Linux 5.8 ní ọdún 2020. Wọ́n ń tún ilé ṣe, wọ́n fẹ́ kí iṣẹ́ náà mọ́ tónítóní, ni wọ́n bá gbé ìpinnu "ẹ lè fi kún un" kúrò níbi tó wà, wọ́n sọ ọ́ di àmì orí ìwé pélébé. Ìyẹn náà dára. Bí ẹ bá ka àtúnṣe yìí lóun nìkan, ẹ kò ní rí àléébù kankan nínú rẹ̀. Ọjọ́ yẹn gan-an ni ìdọ̀tí ọdún 2016 ní ìtumọ̀.

Ẹ rántí /p/ nínú èdè Gẹ̀ẹ́sì. Èyí tó bẹ̀rẹ̀ "pin" máa ń bá èémí jáde, èyí tó wà nínú "spin" kì í ṣe bẹ́ẹ̀. Ẹni tó ń sọ Gẹ̀ẹ́sì kò mọ̀ pé méjì ni wọ́n, nítorí ìyàtọ̀ náà kì í yí ìtumọ̀ padà. Ẹ̀dà fóníìmù kan náà ni wọ́n. Kó wá gbé ẹnu yẹn lọ sí Íńdíà, sínú èdè Hindi. Níbẹ̀, "pal" ni àkókò kúkúrú, "phal" sì ni èso. Èémí tí kò jẹ́ nǹkan kan nílé ti di ohun tó ń pààlà láàárín ọ̀rọ̀ méjì. Ẹnu rẹ̀ kò yí padà. Etí tó ń gbọ́ ọ ló yí padà.

Mo ń rí irú rẹ̀ lójoojúmọ́ nínú iṣẹ́ àkànṣe mi. Ọ̀pọ̀ ohun tí a ń kọ lédè Yorùbá sórí íntánẹ́ẹ̀tì, àmì ohùn rẹ̀ kò tọ́. Ẹnìkan á kọ "igbá" níbi tí "ìgbà" yẹ kó wà, nítorí bọ́tìnnì tó wà nítòsí ló tẹ̀. Kò pa ẹnikẹ́ni lára, torí àwa tí à ń kà á kì í wo àmì náà rárá, ohun tó yí ọ̀rọ̀ ká là ń wò, a sì ti mọ̀ pé àkókò ló ń sọ, kì í ṣe igbá tí wọ́n fi ń bu omi. Ní ọjọ́ tí a bá gbé gbólóhùn yẹn fún ẹ̀rọ tó ń sọ ọ̀rọ̀ jáde lẹ́nu, igbá ni ẹ̀rọ máa pè. Ẹni tó tẹ̀ ẹ́ kò ṣe ohun tuntun. Òǹkàwé tuntun ló dé, tó ń ka ohun tí ẹnikẹ́ni kì í kà tẹ́lẹ̀.

Ìdí nìyí tí mo fi rò pé ó ṣòro láti bá àwọn tó kọ àtúnṣe méjèèjì wí. Ẹni ọdún 2016 fi ohun tí kò ní ìtumọ̀ sílẹ̀. Ẹni ọdún 2020 fún ohun kan ní ìtumọ̀, láìmọ̀ pé ìdọ̀tí ti wà níbẹ̀. Bí ẹ bá yẹ iṣẹ́ ọwọ́ ẹnì kọ̀ọ̀kan wò lọ́tọ̀, ẹ kò ní mú olè.

Ohun tí oníṣẹ́ ibi lè ṣe

Ní oṣù Kejì, ọdún 2022, Kellermann ṣì rò pé jàǹbá ṣíṣèèṣì lásán ni, tó nílò pé kí ẹlòmíràn máa kọ nǹkan sínú fáìlì lákòókò kan náà. Nígbà tí ìdí rẹ̀ wá yé e délẹ̀délẹ̀, ó rí i pé kò nílò ẹlòmíràn. Ẹni tó bá mọ̀ọ́mọ̀ fẹ́ ṣe é á kọ́kọ́ kọ ohunkóhun sínú páìpù títí àmì á fi wà lórí gbogbo ìwé pélébé, á kó gbogbo rẹ̀ jáde, á sì jẹ́ kí olùtọ́jú fi ìwé pélébé kan tọ́ka sí fáìlì tó wù ú. Lẹ́yìn ìyẹn, ohun tó bá kọ sínú páìpù, orí fáìlì yẹn ló ń bọ́ sí.

Kì í ṣe pé èèyàn lè jókòó sílé rẹ̀ kó fi èyí wọ kọ̀ǹpútà yín láti ọ̀nà jíjìn. Ó gbọ́dọ̀ ti wà lórí ẹ̀rọ náà ná, gẹ́gẹ́ bí aṣàmúlò lásán. Ó gbọ́dọ̀ láṣẹ láti ka fáìlì náà. Kò lè mú kó gùn sí i, kò sì lè yí báìtì àkọ́kọ́ ojú-ewé padà, nítorí ó kéré tán báìtì kan gbọ́dọ̀ ti gba inú páìpù kọjá kó tó lè bẹ̀rẹ̀ sí í kọ.

Ìwọ̀nyí kò tó láti dá a dúró. Lórí Linux, fáìlì kan wà tó ń jẹ́ /etc/passwd, níbi tí orúkọ gbogbo aṣàmúlò wà. Ẹnikẹ́ni lè kà á, àmọ́ root nìkan, ìyẹn ọ̀gá pátápátá lórí ẹ̀rọ náà, ló lè kọ ọ́. Ẹni tó bá lè yí báìtì mélòó kan padà lórí ìlà root lè sọ ara rẹ̀ di root. Ẹ rò ó wò lórí kọ̀ǹpútà ilé-iṣẹ́ tí ọgọ́rọ̀ọ̀rún oníbàárà ń pín lò: ẹni tó yá yàrá kan ti gba kọ́kọ́rọ́ gbogbo ilé. Lórí fóònù, ápù tí ẹ kò fún ní àṣẹ kankan lè fi irú ọ̀nà yìí gba agbára tí ẹ kò fún un.

Èyí tó bà mí lẹ́rù jù ni ti ẹ̀rí. Nínú èdè kernel, bí ẹnìkan bá yí ojú-ewé orí tábìlì padà ní ọ̀nà tó tọ́, wọ́n á kọ ọ́ sára rẹ̀ pé ó ti dọ̀tí. Dídọ̀tí níbí kì í ṣe èébú o. Ìtumọ̀ rẹ̀ ni pé ẹ̀dà yìí ti yàtọ̀ sí ìwé tó wà lókè, kí olùtọ́jú rántí gbé e gòkè lọ tún ti òkè ṣe. Ojú-ewé tí Dirty Pipe bá yí padà, wọn kì í kọ ọ́ sára rẹ̀ pé ó dọ̀tí, nítorí kernel kò mọ̀ pé ẹnikẹ́ni fọwọ́ kàn án. Bí ètò mìíràn kò bá kọ nǹkan sínú fáìlì náà, ìwé òkè kò ní yí padà láé. Bí wọ́n bá pa ẹ̀rọ tí wọ́n sì tún tan án, tábìlì á mọ́, ẹ̀dà tuntun á wá látòkè, kò sì ní sí ohun tó fi hàn lórí díìsìkì pé nǹkan kan ṣẹlẹ̀. Àwọn fáìlì oníbàárà Kellermann bàjẹ́ dé orí díìsìkì nítorí pé ètò tó ń kọ wọ́n lójoojúmọ́ ti mú kí ojú-ewé náà dọ̀tí fún ìdí tirẹ̀, ni irọ́ bá bá òtítọ́ gun ọkọ̀ kan náà gòkè. Ká ní kò rí bẹ́ẹ̀ ni, n kò mọ ohun tí ì bá mú kí ẹnikẹ́ni fura.

Orúkọ náà wá fún mi ní ẹ̀rín díẹ̀: wọ́n pe àbùkù yìí ní "dirty," bẹ́ẹ̀ sì ni agbára rẹ̀ wà nínú pé ojú-ewé náà kò "dọ̀tí". Wọ́n fi orúkọ náà jọ ti Dirty COW, àbùkù ìrántí mìíràn tí wọ́n rí nínú Linux ní ọdún 2016, tó ti wà níbẹ̀ láti ọdún 2007. Òun náà ń jẹ́ kí èèyàn kọ sínú fáìlì tí kò láṣẹ láti kọ, ṣùgbọ́n eré sísá ni ti Dirty COW: ètò méjì gbọ́dọ̀ máa sáré bá ara wọn títí ọ̀kan á fi bọ́ sí àárín ìṣẹ́jú àáyá tó tọ́. Dirty Pipe kò nílò eré. Ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ti tó.

Àtúnṣe

Ní ọjọ́ 19, oṣù Kejì, ọdún 2022 ni Kellermann mọ̀ dájú pé kernel ló lẹ̀bi. Lọ́jọ́ kejì ló fi àlàyé, ẹ̀rí àti àtúnṣe ránṣẹ́ sí àwọn tó ń mójú tó ààbò Linux. Ní ọjọ́ 21, ó dán an wò lórí fóònù Google Pixel 6, ó ṣiṣẹ́, ó sì fi tó àwọn Android létí. Ní ọjọ́ 23, Linux 5.16.11, 5.15.25 àti 5.10.102 jáde pẹ̀lú àtúnṣe náà. Google fi í sínú kernel Android lọ́jọ́ kejì. Lẹ́yìn tí gbogbo èyí ti parí ló tó sọ̀rọ̀ síta ní oṣù Kẹta. Ní oṣù Kẹrin, CISA, àjọ ìjọba Amẹ́ríkà tó ń rí sí ààbò kọ̀ǹpútà, fi í sínú àtòjọ àwọn àbùkù tí àwọn oníṣẹ́ ibi ti ń lò ní gidi.

Àtúnṣe náà jẹ́ ìlà méjì. Ní ibi méjì nínú kernel tí wọ́n ti ń ya ìwé pélébé sọ́tọ̀ fún páìpù, wọ́n fi kún un pé kí ipò àmì di òdo.

Ẹ ṣí Settings lórí fóònù yín, ẹ wọ About phone, ẹ wá ibi tí wọ́n kọ Kernel version sí. Bí nọ́ńbà tó wà níbẹ̀ bá kéré sí 5.8, Dirty Pipe kò sí lórí fóònù yín rí, nítorí kernel yẹn ti dàgbà ju kó mọ àmì náà lọ. Àwọn fóònù tuntun ọdún 2022 tí owó wọn ga, bíi Pixel 6, ni ọ̀rọ̀ náà kàn lákòókò yẹn. Bí ó bá bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú 5.10, tí nọ́ńbà tó tẹ̀lé e kò tó 102, ẹ wo ọjọ́ tí wọ́n kọ síwájú Android security update. Bó bá ti jẹ́ ti ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 2022 tàbí kó ṣáájú rẹ̀, ẹ gba update kí ẹ tó gba ápù mìíràn. Tèmi, tí mo rà ní tokunbo, 4.14 ló wà lórí rẹ̀.